Agbárí Lórí Ògiri Kì Í Ṣe Oògùn Owó

"Ọmọ tó bá ń ya egungun òkú àti ìfun èèyàn, ẹ ṣọ́ ọ o, nǹkan mìíràn ló ń ṣe." Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń gbé Ìbàdàn. Bàbá onílé lè rí agbárí tí ayálégbé fi pẹ́ńsùlù yà sára bébà, kó sì ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ìyá lè fa ìwé ọmọ rẹ̀ ya, kó mú un lọ bá wòlíì. Èrò wọn ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ kò ní jókòó kó máa ya ohun tí Ọlọ́run fi awọ bò.

Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n nídìí, mi ò sì ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, àṣírí igbó Sókà tú níbí. Wọ́n bá agbárí àti egungun àwọn tí wọ́n ti pa, wọ́n tún bá àwọn tó ṣì wà láàyè, tí ìyà ti jẹ dójú ikú. Àwòrán ibẹ̀ kárí fóònù gbogbo wa. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn lásìkò yẹn, tó bá rí agbárí níbikíbi, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Afiniṣòògùn kò nílò pẹ́ńsùlù àti bébà. Bíbò ni wọ́n ń bo iṣẹ́ tiwọn. Ayàwòrán ń wá ẹni tó máa wo iṣẹ́ rẹ̀ ni: ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó ń gbé e sórí Instagram, ó tún ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀.

Níbo ló ti wá rí egungun tó ń wò yà? Inú ìwé ni, tàbí ara ike. Mo dúró ti ọmọkùnrin kan ní Agbowó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Agbárí oníke wà lórí tábìlì rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Súpúrínì kéékèèké ló so àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mọ́ tòkè, àtàrí rẹ̀ ṣeé ṣí kéèyàn rí inú rẹ̀, ìlà wọ́gọwọ̀gọ sì wà níbi tí àwọn egungun orí ti pàdé ara wọn. Ó kọ́kọ́ fa ìlà kan sí ìdajì orí náà, ó ní ibẹ̀ ni ẹyinjú máa wà. Òkè ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé ojú sí tá a bá ń ya èèyàn. Ẹ fi ọwọ́ wọn orí ara yín láti àtàrí dé àgbọ̀n, ẹ máa rí i pé àárín ni ojú wà. Lẹ́yìn náà ló wá egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí egungun yẹn bá ṣe yọ sí ni ẹran orí rẹ̀ ṣe máa dúró, ó sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ojú Àìná yàtọ̀ sí ti Òjó. Àwòrán ọkọ àti ìyàwó tó wà ní pálọ̀ yín, tó jọ wọ́n gẹ́lẹ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ti ya agbárí títí tó fi mọ́ ọn lọ́wọ́ ló yà á.

Alápatà ọjà Bódìjà ń to ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, fùkù àti ṣàkì sórí pákó láràárọ̀, kò sẹ́ni tó ní ọkàn rẹ̀ dúdú. A mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn sì ní ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rí lóòótọ́. Ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, ọdún 1828, William Burke àti William Hare pa èèyàn 16, wọ́n ń ta òkú wọn fún dókítà tó ń kọ́ni. Wọ́n yẹgi fún Burke lọ́dún 1829, wọ́n la òkú tirẹ̀ náà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, egungun rẹ̀ sì wà ní yunifásítì ibẹ̀ títí dòní. Ọdún 1832 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin lórí ibi tí òkú tí wọ́n fi ń kọ́ni yóò ti máa wá. Apààyàn ló jẹ̀bi. Ẹni tó ń ya ohun tó wà nínú ìwé kò sí lára wọn.

Ẹ wá wo àwọn oníṣẹ́ ọnà ìgbà tiwa. Jean-Michel Basquiat, ọmọ Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ wá láti Haiti, jẹ́ ọmọ ọdún 7 nígbà tí mọ́tò gbá a lọ́dún 1968. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà tí ìyá rẹ̀ gbé Gray's Anatomy fún un, ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń mọ ara. Egungun àti agbárí inú ìwé yẹn ń jáde nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 1988. Orí kan tó fara jọ agbárí, tó yà lọ́dún 1982, ni wọ́n tà ní mílíọ̀nù 110.5 dọ́là ní New York lọ́dún 2017. Ìyá rẹ̀ ló fún un níwèé o. Ẹ̀yin ìyá tó ń fa ìwé ọmọ ya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò.

Wangechi Mutu, ọmọ Kenya, mú àwòrán àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣàlàyé àrùn ilé ọmọ, ó gé ojú, ètè àti ẹ̀yà ara obìnrin nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, wọ́n di orí èèyàn. Ọdún 2006 nìyẹn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gidigidi, torí pé ibi tí ìwé ìṣègùn ti rí àrùn nìkan, Mutu mú obìnrin tó ni ara náà padà wá síbẹ̀, ó sì ń wò wá lójú kòrókòró. Lisa Nilsson ní Amẹ́ríkà kò tiẹ̀ lo kálà lásán: bébà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ká, tó ń tò, títí tó fi jọ inú ara tí wọ́n là sí méjì.

Àwọn kan á ní kámẹ́rà ti wà, kí la tún ń yà á sí? Bí oníṣẹ́ abẹ bá la ikùn, ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ló máa bo gbogbo ẹ̀. Fọ́tò á gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ò ní mọ èwo ni èwo. Ayàwòrán ló ń yọ èyí tí kò kàn wá kúrò, tó ń fi àwọ̀ pupa kun iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn, búlúù fún èyí tó ń gbé e padà, yẹ́lò fún iṣan ìmọ̀lára. (Ẹ̀jẹ̀ búlúù ò sí lára ẹnì kankan, pupa tó ṣú ni.) Ọdún 1911 ni ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Max Brödel bẹ̀rẹ̀ sí í darí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Johns Hopkins, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn dókítà UCH tẹ́ ẹ ń sáré gbé aláìsàn lọ bá, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi mọ ibi tí kíndìnrín wà.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Chidiebere Ibe, ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àwòrán tó yà nípa aboyún aláwọ̀ dúdú, tí ọmọ dúdú wà nínú rẹ̀, kárí ayé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní àwọn ò rí irú ẹ̀ rí láyé àwọn. Òyìnbó ló kún inú ìwé ìṣègùn, ọ̀rọ̀ náà sì lè mú ẹ̀mí lọ. Ohun tó pọ́n lára òyìnbó lè dúdú sí i lára tiwa. Bí ibà pọ́njú bá mú ọmọ tuntun aláwọ̀ dúdú, funfun ojú rẹ̀, èrìgì rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló yẹ ká wò. Nọ́ọ̀sì tí kò rí àwòrán ọmọ dúdú rí lè wo awọ ara nìkan, kó sì ní kò sí nǹkan kan.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń ya agbárí, ẹ béèrè ibi tó ti wò ó. Kó gbé ìwé náà tàbí ike náà wá kẹ́ ẹ rí i. Bó bá jẹ́ egungun èèyàn gidi ló gbé wá sílé, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìwé, ẹ ra pẹ́ńsùlù sí i, kẹ́ ẹ sì bá a béèrè nípa ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Pólì Ìbàdàn.