Iṣẹ́ Ìhìnrere Kì í Ṣe ti Fada àti Sista Nìkan

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ Kátólíìkì tó wà káàkiri Kàbà, Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà, èrò kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ jáde, ṣùgbọ́n tó hàn kedere nínú ìṣe wọn: pé ti Fada àti Sista ni iṣẹ́ Ọlọ́run, ọmọ ìjọ kàn ń bá wọn tì í lẹ́yìn ni. Ọmọ ìjọ ni yóò gbá ilé ìjọsìn, tí yóò dá owó ìkórè, tí yóò gbé iṣu àti epo lọ sílé Fada. Bí ó bá ti ṣe èyí tán, ó gbà pé ipa tòun ti parí. Bí obìnrin kan tó wà nílé ọkọ, tó sì ti bímọ, bá wá darapọ̀ mọ́ àwọn Sista láti máa bá wọn gbàdúrà, kí ó sì máa bá wọn bójú tó àwọn aláìsàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ náà kàn, àwọn aládùúgbò a máa béèrè bóyá Màmá fẹ́ di Sista lọ́jọ́ alẹ́ ni, tàbí bóyá àwọn Sista ti sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Inú ìgbàgbọ́ òdì kan náà ni ìbéèrè méjèèjì ti wá.

Kò ṣòro láti mọ bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe fìdí múlẹ̀. Ní 1955 ni Róòmù ya agbègbè wa sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìhìnrere, tí wọ́n sì fi orúkọ Kàbà pè é, kó tó wá di Dáyósíìsì Lọ́kọ́ja lẹ́yìn náà. Auguste Delisle, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn Fada Ẹ̀mí Mímọ́, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ohun tí ojú àwọn bàbá wa rí nígbà náà ni àlejò aláṣọ funfun tó ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́, tó ń ṣètò ìtọ́jú aláìsàn, tí àṣẹ gbogbo rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kátíkíìsì tó ń gbé inú abúlé, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní àdúrà, tó ń túmọ̀ ìwàásù, tó sì ń darí ìsìn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí Fada kò bá lè dé, kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìlú ni, àgbẹ̀ ni, wọ́n mọ bàbá rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń pìtàn bí ìgbàgbọ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ àlejò ni a máa ń kọ́kọ́ dá.

Ẹ̀kọ́ Ìjọ fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn Bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé, gbé jáde nípa Ìjọ ní 1964 sọ pé gbogbo ẹni tó ti ṣe ìrìbọmi ló ní ìpín nínú iṣẹ́ Kristi gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, wòlíì àti ọba. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 1965, lórí iṣẹ́ àwọn ọmọ ìjọ, tún ṣe é ní ṣàkó pé Olúwa fúnra rẹ̀ ló yàn wọ́n sí iṣẹ́ yìí nípasẹ̀ ìrìbọmi àti ìfẹsẹ̀múlẹ̀. Àṣẹ láti jẹ́rìí ìhìnrere kò ti ilé àwọn Sista wá, Fada kò sì fi yá ẹnikẹ́ni. Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: Sista kì í ṣe àlùfáà, kò sì sí ní agbedeméjì Fada àti ọmọ ìjọ. Ìwé ti 1964 yẹn kan náà sọ pé ipò àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́, bí àwọn Sista, kì í ṣe àkàsọ̀ kan láàárín méjèèjì. Ọ̀nà ìgbésí ayé ni, pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ òṣì, ti àìgbéyàwó àti ti ìgbọràn, Ọlọ́run sì lè pe àlùfáà tàbí ọmọ ìjọ sí i.

Bí a bá wo ìtàn dáadáa, a óò rí i pé nígbà mìíràn ọmọ ìjọ ló ṣáájú, tí àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ wá tẹ̀ lé e. Nígbà ìdàrúdàpọ̀ ńlá ilẹ̀ Faransé, wọ́n lé Fada William Joseph Chaminade kúrò nílùú, ó sì lọ ṣe àtìpó ní ilẹ̀ Sípéènì. Nígbà tó padà sí Bordeaux ní 1800, kò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò kọ́ ilé fún àwọn Fada. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò, ni ó kó jọ sínú ẹgbẹ́ kan lábẹ́ ààbò Màríà, ó sì gbé iṣẹ́ títún ìgbàgbọ́ gbìn lé wọn lọ́wọ́. Láti inú irúgbìn yìí ni ẹgbẹ́ àwọn Sista tí òun àti Adèle de Batz de Trenquelléon dá sílẹ̀ ní 1816 ti jáde, ti àwọn ọkùnrin sì tẹ̀ lé e ní 1817. Bákan náà ni ti Vincent de Paul, Fada kan ní ilẹ̀ Faransé: ní 1617 ló ṣètò àwọn obìnrin ilé láti máa bọ́ aláìní, ó di 1633 kí òun àti Louise de Marillac, tí í ṣe opó, tó dá ẹgbẹ́ àwọn Ọmọbìnrin Àánú sílẹ̀.

Kò tilẹ̀ yẹ kí a lọ jìnnà tó Faransé. Ní Èkó, kí Fada kankan tó wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní 1868, ọkùnrin kan lára àwọn tó ti oko ẹrú Brazil dé, tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ló ń darí àdúrà àwọn Àgùdà, tó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, tó sì ń sin òkú wọn. Ẹnikẹ́ni kò fi í joyè àlùfáà rí. Ní Uganda, àwọn Fada fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láti 1882 títí di 1885, ìjọ sì ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ. Nígbà tí inúnibíni dé, Charles Lwanga, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ààfin, ló ṣe ìrìbọmi fún ọ̀dọ́mọkùnrin Kizito ní 1886, kí wọ́n tó pa wọ́n. Àwọn tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ St. Kizito ní Ìsánlú ti dá orúkọ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Bóyá ni wọ́n sọ fún púpọ̀ nínú wọn pé ọmọ ìjọ ló bọmi lé e lórí.

Kí wá ni ọmọ ìjọ ń pín pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́? Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀bùn tí Ẹ̀mí Mímọ́ fi fún olùdásílẹ̀ rẹ̀: ìtọ́jú aláìsàn, ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ìtùnú àwọn tí a ti gbàgbé. Ní 1996, Póòpù John Paul Kejì kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti rí i pé a lè bá ọmọ ìjọ pín irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Òfin Ìjọ ti 1983 sì mọ̀ nípa àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìjọ tó ń gbé nínú ẹ̀mí ẹgbẹ́ onísìn kan nígbà tí wọ́n ṣì wà láàárín ayé. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ kì í fi ọkọ tàbí aya sílẹ̀, kì í wọ aṣọ Sista, ohun ìní rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò gba ẹ̀kọ́ fún àkókò kan, yóò sì ṣe ìlérí, tí kì í ṣe ẹ̀jẹ́ àwọn onísìn. Kì í gba owó oṣù nítorí ìlérí yìí. Olùkọ́ tó ń gba owó oṣù ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Sista kò tìtorí iṣẹ́ yẹn di ọ̀kan nínú wọn. Òṣìṣẹ́ ni, kò sì sí àbùkù níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Àwọn kan máa ń fi òwe ọwọ́ ọmọdé tí kò tó pẹpẹ àti ti àgbàlagbà tí kò wọ kèrègbè ṣàlàyé àjọṣe yìí. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu, nítorí pé ó fi ẹnìkan sí ipò ọmọdé. Ibẹ̀ gan-an ni àléébù wa wà: a máa ń pe ọmọ ìjọ nígbà tí bùlọ́ọ̀kù bá tán, a kì í pè é nígbà tí a bá ń pinnu ohun tí a fẹ́ kọ́.

Àṣìṣe ti òdìkejì náà wà, pé ọmọ ìjọ tó ń pín nínú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ máa wà láyìíká pẹpẹ ní gbogbo ìgbà, kí ó dà bí Fada kékeré. Inú ayé gan-an ni Ìgbìmọ̀ Vatican fi ibi iṣẹ́ tirẹ̀ sí: oko, ọjà, ilé ẹjọ́, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Obìnrin tí kì í dín kóńgò gààrí rẹ̀ kù lọ́jà Kàbà wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní ibi tí ẹsẹ̀ Sista kì í sábà dé.

Abẹ́ ìgbọràn ni àwọn Sista wà. Olórí ẹgbẹ́ wọn lè kó wọn lọ sí ibòmíràn nígbàkigbà, ìdí rẹ̀ sì lè jẹ́ pé wọn kò pọ̀ tó. Àwọn ọmọ ìjọ lè kọ lẹ́tà sí Bíṣọ́ọ̀bù láti béèrè fún àwọn mìíràn, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń bá wọn bẹ aláìsàn wò ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kò nílò láti dúró de èsì lẹ́tà náà kí ó tó jáde ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.