Ìyá arúgbó tó ń rìn lóru, ṣé àjẹ́ ni lóòótọ́?

Màmá kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, l'Óṣogbo níbí, tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró láti ìgbà ọmọge wọn. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóru, wọ́n ní àwọn ń wá ìkòkò aró. Wọ́n á pe ìyá wọn tó ti kú tipẹ́, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀. Kíá ni àdúgbò gbà pé àjẹ́ ni. Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró níwájú wọn, ó ní, "Ṣé ìwọ lo pa ọmọ yẹn?" Ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ kí wọn ló ń pè wọ́n ní "ìwọ". Màmá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, torí àìsàn ló ń ṣe wọ́n.

Alzheimer ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1906, lẹ́yìn tó yẹ ọpọlọ obìnrin aláìsàn rẹ̀ kan tó ti kú wò. Ẹni ọdún 51 péré ni obìnrin náà nígbà tó kọ́kọ́ rí i ní 1901. Ó bá ìdọ̀tí tó dì láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ náà, àti fọ́nrán tó lọ́ pọ̀ nínú wọn. Purotéènì ni méjèèjì: amyloid ni ti ìta, tau ni ti inú. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni sẹ́ẹ̀lì ń kú, tí ọpọlọ ń sún kì.

Hippocampus, níbi tí iyè ti ń gba ohun tuntun pamọ́, wà lára ibi tó máa ń kọ́kọ́ fara gbá. Nítorí náà ni màmá fi lè gbàgbé pé àwọn ti jẹun láàárọ̀, síbẹ̀ kí wọ́n rántí bí wọ́n ṣe ń gún elú ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ikú ìyá wọn ti pa rẹ́ nínú iyè wọn, ìyá náà ò tíì pa rẹ́. Wọn ò bá òkú sọ̀rọ̀. Lójú tiwọn, ìyá wà láàyè. Ìdàrúdàpọ̀ náà sì sábà máa ń le sí i bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ní ti "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn, ẹni tí kò rí nǹkan kan mú nínú iyè rẹ̀ lè gba ohunkóhun tí wọ́n bá fi tipátipá bi í.

Àwọn mìíràn ní ogbó lásán ni, pé wọ́n ń ṣarán. Ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà ló dàgbà tí iyè wọn ò ra.

Kì í sì í ṣe àìsàn òyìnbó. Láti 1992 ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, tí wọ́n ń fi àwọn àgbà ibẹ̀ wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis, l'Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní 2001 ni pé nínú 100 ẹni ọdún 65 sókè, bí 1.15 ni Alzheimer ń mú lọ́dọọdún n'Íbàdàn, 2.52 lọ́hùn-ún. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ó wà. Ọjọ́ orí àti ìdílé wà nínú ohun tó ń fà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá àti etí tí kò gbọ́ dáadáa náà ń dá kún un.

Ẹ gbé màmá lọ sílé ìwòsàn ná, torí àìtó fítámì B12, àìsàn tairọ́ọ̀dù, ìbànújẹ́ ọkàn tàbí oògùn tó ń ta kora lè ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣeé tọ́jú. Bó bá jẹ́ Alzheimer ni, kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ẹ ti géètì lálẹ́. Bí wọ́n bá pe ìyá wọn, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n nípa rẹ̀.