Kíka ẹ̀rún inú afẹ́fẹ́ ní yàrá aláìléruku

Orúkọ yàrá aláìléruku lè ṣini lọ́nà. Eruku wà níbẹ̀, wọ́n kàn mọ iye rẹ̀ ni, wọn kì í sì í jẹ́ kó kọjá ààlà. Inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ oògùn abẹ́rẹ́ sínú ìgò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ṣípù kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rún kan ṣoṣo lè ba ṣípù jẹ́. Èyí tó bá sì bọ́ sínú oògùn, inú ara aláìsàn ló ń lọ.

Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni ISO 14644-1, tó jáde ní 1999, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2015. Ó pín yàrá sí ipele 1 dé 9, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ tó. Ní ipele 5, nínú afẹ́fẹ́ tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rún tó tó ìdajì máíkírómítà tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọ́dọ̀ ju 3,520. Bí ẹ bá to 2,000 irú ẹ̀rún yẹn tẹ̀ léra, mílímítà kan péré ni wọ́n máa gùn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ohun tójú ò lè rí? Bí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ máa ń rí eruku tó ń fò nínú ìtànṣán rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn náà ni. Ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́ gba iwájú iná lésà, ẹ̀rún tó bá ń kọjá á kọ mànà, ẹ̀rọ á sì kà á ní ọ̀kan. Bí mànà náà bá ṣe lágbára tó ló fi ń mọ bí ẹ̀rún ṣe tóbi tó.

Ohun tó ká mi lára jù ni ibi tí wọ́n gbé ẹnu ẹ̀rọ sí àti ìgbà tí wọ́n kà á. Yàrá tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ kò ṣòro láti mú mọ́. Àwa èèyàn là ń gbọn ẹ̀rún dà nù: awọ ara ń bó, aṣọ ń ha ara. Ìdí nìyẹn tí Annex 1 (àfikún kìíní) nínú GMP, ìyẹn ìlànà ṣíṣe oògùn bó ṣe yẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù, tó ń fi lẹ́tà pe ipele tirẹ̀, fi gba 3,520 ní ipele B nígbà tí iṣẹ́ ò lọ, tó sì gba 352,000 nígbà iṣẹ́. Yàrá kan náà ni o! Ṣùgbọ́n ní ipele A, níbi tí ìgò oògùn ti ṣí sílẹ̀, 3,520 kò yí padà, ẹ̀rọ kò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí iṣẹ́ á fi parí.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan na ọwọ́ kọjá lórí ìgò tó ṣí. Nọ́ńbà tó ti wà ní òdo látàárọ̀ fò sókè, ó sì tún balẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹni tó bá lọ kà á lẹ́yìn iṣẹ́ kò ní rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgò yẹn ti gba tirẹ̀. Bí rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ̀rọ bá sì gùn jù, àwọn ẹ̀rún ńlá á lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, nọ́ńbà á wá dára ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀rọ yìí kò mọ ẹ̀rún tó jẹ́ kòkòrò àìfojúrí yàtọ̀ sí eruku lásán. Nítorí náà, wọ́n tún ń ṣí àwo tó ní oúnjẹ kòkòrò nínú sí tòsí ibẹ̀, wọ́n á sì dúró ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n lè mọ̀ bóyá nǹkan hù nínú rẹ̀.