Bí Àfikún Bá Wọ Géèmù Ogun: Ẹ Wo Ohun Tó Bàjẹ́ Kí Ẹ Tó Wo Ohun Tó Dé

Tí àfikún tuntun, ìyẹn ẹ̀yà àti òfin tuntun tí wọ́n ń tà lé géèmù lórí, bá ti jáde fún géèmù kọ̀ǹpútà Age of Empires II, ìbéèrè tí àwọn tí mò ń kọ́ máa ń gbé wá kì í yàtọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, nínú àwọn ẹ̀yà tuntun yìí, èwo ló le jù?" Mo máa ń ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n bi mí ni pé, nínú gbogbo ọgbọ́n tí a ti ń dá tẹ́lẹ̀, èwo ni kò ní jẹ́ mọ́?

Fún ẹni tí kò gbá géèmù yìí rí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ṣòroó yé. Ẹ ó yan ẹ̀yà kan, ìyẹn ìran tàbí orílẹ̀-èdè tí ẹ ó máa darí, wọ́n á sì fún yín ní ìlú kékeré kan àti òṣìṣẹ́ díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa wá oúnjẹ, wọ́n á máa gé igi, wọ́n á máa wa wúrà àti òkúta. Ohun tí wọ́n bá kó jọ lẹ ó fi gòkè láti sànmánì kìíní dé ìkẹrin, òun náà lẹ ó fi kó ọmọ ogun jọ tí yóò wó ìlú ẹnìkejì kó tó wó tiyín. Ìjà náà dúró lórí ohun mẹ́ta: ọlọ́kọ̀ (ẹni tó ń fi ọ̀kọ̀ jà) ń borí ẹlẹ́ṣin, ẹlẹ́ṣin ń borí tafàtafà, tafàtafà ń borí ọlọ́kọ̀. Ẹlẹ́ṣin gidi kan ń gba oúnjẹ 60 àti wúrà 75. Ọlọ́kọ̀ kò gbà ju oúnjẹ 35 àti igi 25 lọ, kò sí wúrà níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀ ó ń pa ẹlẹ́ṣin, nítorí òfin géèmù ni pé bí ọ̀kọ̀ bá ti kan ẹṣin, ìyà àlékún gbọ́dọ̀ gorí ìyà. Halberdier, tó jẹ́ ọlọ́kọ̀ tó ga jù, agbára 6 péré ló ní sí ẹlòmíràn. Sí ẹlẹ́ṣin, wọ́n fi 32 lé e. Ẹ fi 32 yẹn sọ́kàn.

Ilé iṣẹ́ Ensemble Studios ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, ló gbé géèmù náà jáde ní 1999, ẹ̀yà 13 ló sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó di 2000, wọ́n mú àfikún The Conquerors wá pẹ̀lú ẹ̀yà márùn-ún: Aztec, Maya, Spéènì, Hun àti Kòríà. Lójú tèmi, kò tíì sí àfikún tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí èyí. Ẹ wo Aztec àti Maya. Nínú ìtàn, wọn kò mọ ẹṣin títí àwọn ará Spéènì fi kó o dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ní ilé ẹṣin nínú géèmù. Eagle Warrior ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: ẹlẹ́sẹ̀ ni, ṣùgbọ́n eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọfà kì í sì í tètè ràn án. Iṣẹ́ ẹlẹ́ṣin gan-an ló ń ṣe. Ó ń lé tafàtafà káàkiri, ó ń gba ẹ̀yìn ìlú wọlé lọ pa àwọn tó ń wa wúrà. Ẹ wá kó ọlọ́kọ̀ jáde sí i bí ẹ ti ń ṣe sí ẹlẹ́ṣin, òun ni yóò pa wọ́n, torí pé kì í ṣe ẹṣin, ìyà àlékún tí ọ̀kọ̀ ń fi jẹ ẹṣin kò sì kàn án. Onídà ni apá rẹ̀ ká Eagle, ìyẹn ọmọ ogun tí ọ̀pọ̀ aṣeré ti pa tì.

Ìyẹn ni gbogbo ojú rí. Èyí tó fara sin tún wà. The Conquerors mú ẹ̀kọ́ kan wá tí wọ́n ń pè ní Bloodlines: ẹni tó bá san owó rẹ̀, ẹ̀mí gbogbo ẹlẹ́ṣin rẹ̀ (iye ìyà tí wọ́n lè gbà kí wọ́n tó kú) á fi 20 lé sí i. Ṣùgbọ́n wọn kò fún gbogbo ẹ̀yà. Byzantium, tó ti wà níbẹ̀ láti 1999, kò rí i gbà. Nítorí náà, Paladin (ẹlẹ́ṣin gidi tó ga jù) ẹlòmíràn ń jáde pẹ̀lú ẹ̀mí 180, ti Byzantium dúró sórí 160. Ẹnikẹ́ni kò mú nǹkan kan kúrò lọ́wọ́ Byzantium, ẹṣin wọn kàn di ẹṣin aláìlera ní àárín òru. Tí mo bá ń sọ pé kí ẹ wo ohun tó bàjẹ́, irú èyí ni mò ń sọ. Ẹni tó ń ka orúkọ ẹ̀yà márùn-ún tuntun nìkan kò lè rí i.

Àfikún kan náà ló sì mú kí ènìyàn lè san owó oko sílẹ̀ ṣáájú ní ilé ọlọ. Ṣáájú ìgbà náà, bí oko kan bá ti gbó, ẹ gbọ́dọ̀ padà wálé wá tún un gbìn fúnra yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ogun tilẹ̀ ń jó lójú ọ̀nà. Ohun kékeré ni lójú ẹni tí kò gbá géèmù. Lójú aṣeré, ojú rẹ̀ ló rà padà: ó ti ráyè gbógun sí ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti Hun tún yàtọ̀. Gbogbo ẹ̀yà tó kù gbọ́dọ̀ máa kọ́lé kí wọ́n tó lè pọ̀ sí i. Hun kò nílò ilé kankan. Igi tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fi 100 dín sí ti ẹlòmíràn nítorí rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́jú tí wọ́n rí jẹ níbẹ̀ ju igi 100 lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí àwọn ọ̀gá bá pàdé lórí ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n ń pè ní Arabia, Hun ni èyí yóò mú, Hun ni ọ̀hún náà yóò mú. Ó sú mi láti máa wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, géèmù náà sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn aṣeré fúnra wọn ló jí i: iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló di àfikún The Forgotten ní 2013. Ibẹ̀ ni Ítálì ti wọlé pẹ̀lú Genoese Crossbowman, tafàtafà tó ń fi ìyà àlékún jẹ ẹlẹ́ṣin. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí ẹlẹ́ṣin ń pa jẹ ti di ẹni tó ń pa ẹlẹ́ṣin. Ní 2015, The African Kingdoms mú Málì, Ethiopia, Berber àti Portugal dé. Málì ló ní Gbeto, àwọn obìnrin tó ń ju ọ̀bẹ láti òkèèrè. Géèmù kà wọ́n sí ẹlẹ́sẹ̀, kò kà wọ́n sí tafàtafà, nítorí náà Skirmisher, tí a máa ń kó jáde láti fi lé tafàtafà, kò ní ìyà àlékún kankan fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀: obìnrin ọdẹ erin ni Gbeto, ìlú Dàhòmì, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ni wọ́n sì ti wá. Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde; ìjọba Málì ti Sundiata ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàlá. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n kojú àwọn obìnrin ogun Dàhòmì ní Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864 á rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá gbọ́ pé ará Málì ni wọ́n. Géèmù ni, mo mọ̀. Ó kàn ń dùn mí ni.

Nígbà tí Definitive Edition, ìyẹn géèmù náà tí wọ́n tún ṣe lákọ̀tun, jáde ní 2019, iye ẹ̀yà di 35. Cuman wà lára àwọn tuntun náà, àwọn nìkan ló sì lè kọ́ gbọ̀ngàn ìlú kejì ní sànmánì kejì, nígbà tí àwọn yòókù gbọ́dọ̀ dúró di ẹ̀kẹta. Gbọ̀ngàn méjì túmọ̀ sí pé òṣìṣẹ́ ń jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹ̀yà tó le jù nìyẹn? Ó di ọwọ́ ilẹ̀ tí ẹ bá ń jà lé lórí. Ní Arena, níbi tí odi òkúta ti yí ìlú kọ̀ọ̀kan ká láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tètè wá dí wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì di ọlọ́rọ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ní Arabia, ẹni tó bá ń kọ́ gbọ̀ngàn kejì ti kó igi àti òkúta tó yẹ kó fi dáàbò bo ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ tètè gbógun lọ bá a nígbà tó ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

A wá dé orí 32 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Lords of the West mú Burgundy àti Sicily wọlé. Ohun tí wọ́n fún Sicily ni pé ìyà àlékún yòówù tó bá fẹ́ kan ọmọ ogun orí ilẹ̀ wọn, ìdajì ni yóò dé ara rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: 32 Halberdier di 16. Wọn kò ṣe jagunjagun tuntun fún èyí o. Òpó tó gbé gbogbo ilé dúró ni wọ́n fà. Ọlọ́kọ̀ ṣì lè pa ẹlẹ́ṣin Sicily, ṣùgbọ́n iye tó tó lánàá kò tó mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n dín àǹfààní náà kù, kì í ṣe ìdajì mọ́. Ti Burgundy tún burú jù ú lọ sí ọ̀pọ̀ aṣeré: wọ́n lè san owó kan, kí gbogbo òṣìṣẹ́ wọn di jagunjagun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ti ṣẹ́gun ẹnì kan tán, ẹ fẹ́ wọlé lọ parí rẹ̀, ni àgbẹ̀ bá ń gbé ohun ìjà ní gbogbo igun ìlú.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Dynasties of India pín ẹ̀yà Íńdíà àtijọ́ sí ọ̀nà púpọ̀, Gurjara sì jáde níbẹ̀. Ràkúnmí ń pa ẹṣin, a ti mọ̀. Ti tẹ́lẹ̀ ni pé ó di sànmánì kẹta kí a tó rí i. Gurjara ní tiwọn láti sànmánì kejì. Ẹni tó bá fi ẹlẹ́ṣin kékeré bẹ̀rẹ̀ ìjà, tó jẹ́ ọ̀nà tí gbogbo wa kọ́kọ́ kọ́, á bá ràkúnmí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tún lè kó àgùntàn sínú ilé ọlọ kí oúnjẹ máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn náà, wọ́n gé ìyẹ́ wọn lẹ́yìn náà.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé torí kí ọjà lè tà ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ẹ̀yà tuntun le jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Èrò tèmi ni pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń dán nǹkan wò kó tó jáde. Lọ́jọ́ tó bá jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aṣeré ni yóò máa wá ibi tó ti lè wọ́. Nítorí náà, ẹ fún àfikún tuntun ní oṣù méjì mẹ́ta kí ẹ tó fi kọ́ ara yín ní ọgbọ́n tí ẹ fẹ́ kó bá yín kalẹ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ kò bá tilẹ̀ rà á, ó kàn yín: ẹni tó rà á lè bá yín pàdé, àtúnṣe tó ń bá àfikún rìn sì ń wọ ẹ̀rọ gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tí n kò fara mọ́ ni The Three Kingdoms ti oṣù karùn-ún ọdún 2025, tó sọ ẹ̀yà di 50. Shu, Wei àti Wu jẹ́ ìjọba Ṣáínà ní ọ̀rúndún kẹta, géèmù sì jẹ́ ti ẹgbẹ̀rún ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn akọni wọn, ènìyàn kan ṣoṣo tó ní orúkọ àti agbára tó ju ti ọmọ ogun lásán, wọ inú ìdíje. Ọ̀pọ̀ aṣeré pariwo, mo sì wà lára wọn.

Ẹni tó bá ń wá Yorùbá kò ní rí i níbí. Ẹ lọ sí géèmù kẹta, Age of Empires III: àfikún The African Royals ti 2021 mú Hausa àti Ethiopia wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà gidi, Yorùbá sì wà lára àwọn tí ènìyàn lè bá dọ́rẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀ Áfíríkà kó lè háyà jagunjagun wọn. Wọ́n dá owó tuntun kan sílẹ̀ fún Hausa àti Ethiopia, tí wọ́n fi ń ra irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Owó tuntun ń yí géèmù padà ju ọmọ ogun tuntun lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ìdánwò kan wà tí mo máa ń fún àwọn tí mò ń kọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀ ìjà wà nínú géèmù náà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ to ẹlẹ́ṣin 4 sí apá kan, ọlọ́kọ̀ 9 sí apá kejì. Owó wọn dọ́gba: 135 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 540, 60 lọ́nà mẹ́sàn-án náà jẹ́ 540. Ẹ má fi iye orí dọ́gba láéláé, owó ni kí ẹ fi dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà, kí ẹ ka àwọn tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọmọ ogun ẹ̀yà tuntun rọ́pò ẹlẹ́ṣin yẹn, kí ẹ tún un ṣe. Bí ọlọ́kọ̀ bá kú tán, ẹ mú onídà, ẹ mú tafàtafà, ẹ mú ràkúnmí, títí ẹ ó fi rí èyí tí apá rẹ̀ ká a. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tún owó náà kà láìfi wúrà kún un, nítorí bí ìjà bá pẹ́, wúrà á tán nílẹ̀, igi àti oúnjẹ ni yóò kù.