Ẹgbẹ́ kékeré ò nílò charity number kó tó se ìrẹsì fún àwọn àgbà

Oṣù mẹ́fà gbáko la fi kọ fọ́ọ̀mù, a ò dá iná. Ẹgbẹ́ ìlú wa ní London la ní ká máa se ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín fún àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta péré, ni ìyá kan bá gbé fáìlì tó ki bíi búlọ́ọ̀kù wá sí mítìn-ín: ti Charity Commission (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀, tó sì ń fún un ní charity number), ti DBS (àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dáràn rí) fún èèyàn méjìlá, ti sátífíkéètì oúnjẹ. Ó ní ìlú òyìnbó lèyí o, tá ò bá ní charity number wọ́n á gbé wa.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní England àti Wales, ẹgbẹ́ aláàánú tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò bá tó £5,000, kì í ṣe dandan kó forúkọ sílẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ di CIO (ẹgbẹ́ aláàánú tó dá dúró lójú òfin bíi kọ́ńpìnnì), ìyẹn gbọ́dọ̀ rẹ́jísítà bí kọ́bọ̀ ò tiẹ̀ wọlé. (Scotland yàtọ̀, ibẹ̀ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ pe ara ẹ̀ ní charity gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ OSCR, àjọ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ aláàánú níbẹ̀.)

Ti oúnjẹ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ń sè é, tí ò sì pọ̀, ẹ ò nílò láti rẹ́jísítà lọ́dọ̀ kánsù, sátífíkéètì náà ò pọn dandan, àmọ́ ìrẹsì ò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ o, ó sì yẹ kẹ́ ẹ lè sọ fẹ́ni tí edé ò bá lára mu pé edé wà nínú mọ́ínmọ́ín. Ní ti DBS, èyí tó jinlẹ̀ jù, ẹni tó ń wẹ àwọn àgbà tàbí tó ń wà wọ́n lọ sọ́sìbítù ló wà fún, kì í ṣe ẹni tó ń bu ìrẹsì, àjọ DBS ò sì ń gba kọ́bọ̀ lórí irú èyí lọ́wọ́ volunteer.

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá ṣá. Ẹni tó ti jìyà lórí ìwé ìgbélùú rí, àyà ẹ̀ á máa já tó bá ti rí lẹ́tà ìjọba. Àwọn òyìnbó náà ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀: ní 2011 ìgbìmọ̀ tí ìjọba ní kí Lord Hodgson darí gbé ìròyìn jáde lórí ohun tó ń dí àwọn ẹgbẹ́ kékeré lọ́wọ́, ìbẹ̀rù pé wọ́n á pe volunteer lẹ́jọ́ wà lára ẹ̀.

Àwa kọ òfin ẹgbẹ́ ojú ewé méjì, a ṣí akáǹtì tí èèyàn méjì ń fọwọ́ sí, ó parí. Sátidé tá a kọ́kọ́ sè é, bàbá kan ní ká bu ti ìsàlẹ̀ ìkòkò fóun, èyí tó jóná díẹ̀ yẹn.