Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Ọmọ Ogun Orí Ilẹ̀ Jámánì àti Nẹ́dálándì

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Jámánì àti Nẹ́dálándì ni ètò tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fi ń kọ́ àwọn ọmọ ogun wọn pọ̀, tí wọ́n jọ ń darí wọn, tí wọ́n sì jọ ń ra ohun ìjà. Láti ọdún 2023, gbogbo bìrìgéèdì mẹ́ta (ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá) tí Nẹ́dálándì fi ń jà lórí ilẹ̀ ti wà lábẹ́ dífíṣọ̀nù Jámánì, ìyẹn ẹgbẹ́ tó tóbi ju bìrìgéèdì lọ tó sì ń darí wọn. Ní Yúróòpù, ó ṣòro láti rí orílẹ̀-èdè méjì mìíràn tí ogun wọn wọnú ara wọn tó báyìí.

Ẹni tó bá mọ ìtàn wọn yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Ní 10 Oṣù Karùn-ún 1940 ni ogun Jámánì ya wọ Nẹ́dálándì. Ní ọjọ́ kẹrin sí i, wọ́n rọ̀jò bọ́ǹbù sórí Rotterdam, àárín ìlú náà sì jóná. Ọdún 1945 ni àwọn ará ibẹ̀ tó bọ́ lábẹ́ wọn. Àmọ́ nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì wọ àjọ NATO ní 1955, apá kan náà ni àwọn méjèèjì wà, Soviet sì ni wọ́n jọ ń ṣọ́. Láti 1963 títí di 2006 ni àwọn ọmọ ogun Nẹ́dálándì ní bárékè ní Seedorf, ní àríwá Jámánì.

Lẹ́yìn tí Ogun Tútù parí, orílẹ̀-èdè méjèèjì dín ọmọ ogun kù. Dípò kí kálukú máa gbọ́ bùkátà kọ́ọ̀ tirẹ̀ (ẹgbẹ́ tó ń darí àwọn dífíṣọ̀nù), wọ́n pa tiwọn pọ̀ di ọ̀kan ní 30 Oṣù Kẹjọ 1995. Ìlú Münster ni olú-iṣẹ́ kọ́ọ̀ náà wà. Bí ọ̀gágun Jámánì bá darí rẹ̀ tán, ti Nẹ́dálándì ló kàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbi iṣẹ́, àwọn ọmọ ogun láti orílẹ̀-èdè NATO mìíràn sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní Oṣù Kejì 2003, kọ́ọ̀ yìí gba àkóso ISAF, ikọ̀ ààbò àgbáyé ní Afghanistan, ní Kabul, lábẹ́ Ọ̀gágun Norbert van Heyst. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni NATO gbà á lọ́wọ́ wọn.

Síbẹ̀, ilé àwọn ọ̀gá ni kọ́ọ̀ jẹ́. Àwọn ọmọ ogun fúnra wọn ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún 2014 ni ìyẹn yí padà, nígbà tí Bìrìgéèdì 11 ti Nẹ́dálándì, àwọn tí hẹlikọ́pítà ń gbé lọ sójú ìjà, bọ́ sábẹ́ Division Schnelle Kräfte, dífíṣọ̀nù Jámánì tó ń yára jáde. Bìrìgéèdì 43 tó wà ní Havelte tẹ̀ lé e ní 2016, sábẹ́ Dífíṣọ̀nù Kìíní ní Oldenburg. Bìrìgéèdì 13 ló gbẹ̀yìn, ó lọ sábẹ́ Dífíṣọ̀nù Kẹwàá.

Bàtálíọ̀nù táǹkì 414 ti Jámánì (bàtálíọ̀nù ni ẹ̀ka bìrìgéèdì) ní Bergen-Lohheide ni ibi tí ìdàpọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù. Ní 2011, nítorí àìtó owó, ìjọba Nẹ́dálándì tú àwọn bàtálíọ̀nù táǹkì rẹ̀ ká pátápátá, ó sì ta 100 nínú àwọn táǹkì Leopard 2 rẹ̀ fún Finland lẹ́yìn náà. Kò pẹ́ tí Rọ́ṣíà fi gba Crimea ní 2014, ó wá hàn pé ìmọ̀ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ti fẹ́ sọnù. Jámánì ní bàtálíọ̀nù tí ọmọ ogun rẹ̀ kò pé. Nẹ́dálándì ní àwọn tó mọ táǹkì lò ṣùgbọ́n tí kò ní táǹkì. Nẹ́dálándì háyà táǹkì 18 lọ́wọ́ Jámánì, nǹkan bí ọmọ Nẹ́dálándì 100 sì wọ bàtálíọ̀nù náà. Bàtálíọ̀nù Jámánì ni, àmọ́ abẹ́ bìrìgéèdì Nẹ́dálándì ló wà, bìrìgéèdì yẹn náà sì wà lábẹ́ dífíṣọ̀nù Jámánì. Ní 2025, Nẹ́dálándì ra Leopard 2A8 46 láti tún dá bàtálíọ̀nù táǹkì tirẹ̀ sílẹ̀.

Ohun ìjà kan náà tí wọ́n ń lò mú kí èyí rọrùn. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe ọkọ̀ ogun Fennek àti Boxer, wọ́n sì jọ ní àgbá PzH 2000, ìbọn ńlá tó ń rìn fúnra rẹ̀. Ní 2022, Jámánì kọ́kọ́ fi àgbá yìí 7 ránṣẹ́ sí Ukraine, Nẹ́dálándì fi 5 kún un. Ní Rukla, ní Lithuania, àwọn ọmọ Nẹ́dálándì wà nínú ikọ̀ NATO tí Jámánì ń darí láti 2017.

Àṣẹ pé kí wọ́n lọ jagun nìkan ni wọn kò tíì dà pọ̀. Ní Jámánì, Bundestag, ilé aṣòfin wọn, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ọmọ ogun tó lọ jà nílẹ̀ òkèèrè. Ní Nẹ́dálándì, ìjọba ló ń pinnu, ṣùgbọ́n òfin orílẹ̀-èdè ní kí ó kọ́kọ́ fi tó ilé aṣòfin létí. Nípa bẹ́ẹ̀, Bàtálíọ̀nù 414 kò lè jáde lódindi àfi bí Berlin àti The Hague bá jọ gbà.