The Office méjì: kí ló dé tí ọ̀gá Slough àti ọ̀gá Scranton kò fi jọra?

Orúkọ kan náà ni eré tẹlifíṣọ̀n méjèèjì ń jẹ́, bébà ni wọ́n ń tà nínú méjèèjì, ọ̀gá tí kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ló sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ wo ti Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà gba ti Amẹ́ríkà, ẹni tó bá sì fi ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ á ní ti Gẹ̀ẹ́sì ti korò jù. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú èsì tèmi.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe é, kí ló sì dá lé lórí?

Ricky Gervais àti Stephen Merchant ló jọ kọ ọ́, àwọn náà ló jọ darí rẹ̀. BBC Two bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní oṣù Keje ọdún 2001. Ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ Wernham Hogg ni, ní ìlú Slough, ní ìwọ̀ oòrùn London. David Brent lọ̀gá ibẹ̀, Gervais fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Àwọn ayàwòrán kan wá gbé kámẹ́rà sí ọ́fíìsì náà láti fi ìgbé ayé òṣìṣẹ́ hàn, ni Brent bá gbà pé ọjọ́ òkìkí òun ti dé. Gbogbo ìgbà tó bá sọ̀rọ̀, kámẹ́rà ló ń wò, kì í wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Wọn kò fi ẹ̀rín àwọn òǹwòran sí i bí ọ̀pọ̀ eré aláwàdà ìgbà náà. Bí Brent bá dápàárá tí kò sì pani lẹ́rìn-ín, ìdákẹ́jẹ́ ni yóò tẹ̀ lé e, bóyá pẹ̀lú fóònù tó ń dún lókèèrè. Ẹ ó jókòó sínú ilé yín, ojú á máa tì yín nítorí ohun tí ẹlòmíràn ṣe.

Ẹ̀pisóòdù mẹ́fà ni wọ́n ṣe ní 2001, mẹ́fà ní 2002, wọ́n sì fi méjì ti ọdún Kérésì parí rẹ̀ ní ìparí 2003. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14. Ní oṣù Kìíní ọdún 2004, eré náà gba àmì ẹ̀yẹ Golden Globe ní Amẹ́ríkà, Gervais náà sì gba tirẹ̀.

Greg Daniels, tó ti ṣiṣẹ́ lórí The Simpsons rí, ló gbé ti Amẹ́ríkà kalẹ̀ fún NBC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀, ní oṣù Kẹta 2005. Slough di Scranton ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Wernham Hogg di Dunder Mifflin, Brent di Michael Scott, tí Steve Carell ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ Brent, Tim, Dawn àti Gareth, di Jim, Pam àti Dwight.

Wọ́n ti ní ìwé eré tó gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́. Kí ló dé tí ìbẹ̀rẹ̀ ti Amẹ́ríkà kò fi dùn?

Nítorí pé wọ́n lò ó bó ṣe wà ni. Ẹ̀pisóòdù àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀. Ní Slough, Tim ti sítépílà Gareth bọ inú jẹ́lì. Ní Scranton, Jim ṣe bẹ́ẹ̀ fún Dwight. Ní Slough, Brent pe Dawn, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò, wọlé níṣojú òṣìṣẹ́ tuntun kan, ó fẹ̀sùn kàn án pé ó jí bébà pélébé tí wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀, ó sì ní òun ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí Dawn bú sẹ́kún ló tó sọ fún un pé àwàdà ni. Michael ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún Pam.

Àmọ́ ẹ wo bí Gervais ṣe ṣe é. Bí omijé ṣe ń bọ́ lójú Dawn, Brent kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wá ọ̀nà láti jẹ́ kí kámẹ́rà mọ̀ pé èèyàn dáadáa lòun. Inú àìbalẹ̀ ọkàn yẹn ni ẹ̀rín wà. Ọ̀rọ̀ náà bá ẹnu Gervais mu torí pé òun ló kọ ọ́ fún ẹnu ara rẹ̀. Lẹ́nu Carell, tó fi òróró lẹ irun mọ́ orí ní síísìn àkọ́kọ́ yẹn, ìkà lásán ló dà.

Ẹ̀pisóòdù kejì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. Diversity Day ni orúkọ rẹ̀, B.J. Novak ló kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ rán olùkọ́ wá láti dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀yà àti àwọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àlùfààṣá tí Michael fúnra rẹ̀ sọ. Ni Michael bá gba iṣẹ́ mọ́ olùkọ́ lọ́wọ́, ó lẹ orúkọ ẹ̀yà mọ́ iwájú orí oníkálukú, ó ní kí wọ́n máa bára wọn lò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà náà. Kò sí irú rẹ̀ nínú ti Slough. Ọ̀rọ̀ ilé Amẹ́ríkà ni, Amẹ́ríkà ló sì lè fi í dápàárá báyẹn.

Kí ni wọ́n wá yí padà tó fi gbérí?

Michael ni wọ́n yí padà. Ní oṣù Kẹjọ 2005, fíìmù kan tí Carell ṣe olórí rẹ̀, The 40-Year-Old Virgin, jáde, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn tó ń kọ eré náà rí i pé ọkùnrin yìí lè ya òmùgọ̀ kí àwọn èèyàn sì tún fẹ́ ire fún un. Láti síísìn kejì, irun rẹ̀ rọ̀, ìwà rẹ̀ náà sì rọ̀ díẹ̀. Wọ́n fi hàn wá pé ó mọ bébà í tà: ó mú oníbàárà ńlá kan lọ sí ilé oúnjẹ, ó ń fi ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ ṣeré títí tí gbogbo èèyàn fi rò pé ó ti ba iṣẹ́ jẹ́, kó tó di pé ọkùnrin náà gbà láti ra ọjà. Wọ́n tún fi fídíò ìgbà èwe rẹ̀ hàn, níbi tí wọ́n ti bi í léèrè ohun tó fẹ́ láyé. Ó ní òun fẹ́ gbéyàwó, kóun bí 100 ọmọ, kóun lè ní 100 ọ̀rẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè sọ pé òun kò bá òun ṣọ̀rẹ́.

Ibi tí mo máa ń tọ́ka sí ni síísìn kẹta. Pam pàtẹ àwòrán tó yà, ó sì pe àwọn ará ọ́fíìsì. Díẹ̀ ló wá, ọ̀kan nínú wọn sì ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé iṣẹ́ náà kò ní ìgboyà àti òtítọ́ nínú, Pam sì gbọ́. Ó ti ń palẹ̀ mọ́ kí Michael tó wọlé. Michael alára ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi tí wọ́n ti dójú tì í bọ̀ ni. Ó ń wo àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ọ̀dọ̀ èyí tí Pam fi ya ilé tí ọ́fíìsì wọn wà, ó dúró. Ó béèrè iye tó jẹ́. Ó ní òun fẹ́ rà á, nítorí pé ilé iṣẹ́ àwọn ni, ibẹ̀ làwọn sì ti ń ta bébà. Kò dápàárá, kò wo kámẹ́rà. Pam dì mọ́ ọn, ó bá rí i pé nǹkan kan le nínú àpò rẹ̀: ṣokoléètì ni. Michael bi í bóyá ó fẹ́ ìdajì.

Brent kò lè ra àwòrán yẹn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kámẹ́rà ń wo òun.

Kí ló dé tí wọn kò fi irú àánú bẹ́ẹ̀ kọ Brent?

Ọ̀pọ̀ á sọ pé àṣà ni, pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ẹ̀sín, àwọn ará Amẹ́ríkà sì fẹ́ràn ìrètí. Bóyá ó ní ṣe díẹ̀. Lójú tèmi, ẹ wo ẹni tó ń sanwó ná.

Owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ará ìlú ń san ni BBC fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìpolówó ọjà láàárín eré, ẹ̀pisóòdù kan tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀pisóòdù mẹ́fà sì tó fún síísìn kan. Èèyàn méjì lè jókòó kọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n mọ ibi tí yóò parí sí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. NBC ní tirẹ̀, àkókò ló ń tà fún àwọn tó ń polówó. Eré náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ lẹ́yìn ìpolówó, ẹ̀pisóòdù 22 ni wọ́n sì nílò ní síísìn kejì nìkan. Èrè gidi sì wà nínú títa eré fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn láti máa tún un gbé jáde, èyí tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó tó nǹkan bí 100 ẹ̀pisóòdù. Iṣẹ́ yìí kọjá agbára èèyàn méjì. Ọ̀wọ́ òǹkọ̀wé ló ń ṣe é, àwọn kan nínú wọn tún wà nínú eré: Novak ni Ryan, Mindy Kaling ni Kelly, Paul Lieberstein ni Toby.

Èèyàn lè fara da Brent fún wákàtí mẹ́fà. Ta ló máa ṣílẹ̀kùn pálọ̀ fún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún síísìn mẹ́sàn-án? Ẹ̀pisóòdù 201 ni ti Amẹ́ríkà kó tó parí ní oṣù Karùn-ún 2013. Láìsí àánú fún Michael, kò lè dé ìdajì ibẹ̀.

Ṣé ti Gẹ̀ẹ́sì kò wá ní àánú rárá ni?

Ó ní, ó kàn pẹ́ kó tó dé ni. Nígbà tí síísìn kejì ń lọ sópin, àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe ọjọ́ ìkówójọ fún àwọn aláìní. Ọ̀gá Brent, Neil, jó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ara Brent kò gbà á, òun náà jó, láìsí orin, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ lu ìlù. Ijó yẹn, ẹ wò ó fúnra yín. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ ògòǹgò sì wà lọ́rùn rẹ̀. (Ògòǹgò baba ẹyẹ!) Nínú ẹ̀pisóòdù tó tẹ̀ lé e, tó kẹ́yìn síísìn náà, ó ń fomijé bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lé òun.

Nínú èyí tó kẹ́yìn yẹn náà ni Tim, tó nífẹ̀ẹ́ Dawn, dìde lórí àga, ó tọ̀ ọ́ lọ, ó mú un wọ yàrá kan, ó sì yọ máìkì ara rẹ̀ kúrò. A ń rí wọn láti ẹ̀yìn gíláàsì, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ó jáde, ó padà sórí àga rẹ̀, ó fi máìkì síbi tó yẹ, ó ní Dawn kọ̀. Ẹ̀pisóòdù Kérésì ló tó tún un ṣe. Níbẹ̀ ni Dawn ti ṣí ẹ̀bùn tí Tim fún un nínú takisí, tó bá ọ̀dà ìyàwòrán níbẹ̀, tó sì padà sọ́dọ̀ Tim. Níbẹ̀ náà ni Brent ti rí obìnrin kan tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó sì sọ fún Finch, ọ̀rẹ́ tó ti ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, pé kó kúrò níwájú òun.

Ṣé gbogbo eré Gẹ̀ẹ́sì tí Amẹ́ríkà bá tún ṣe ló ń yọrí sí rere?

Rárá o. Till Death Us Do Part di All in the Family ní 1971, Steptoe and Son di Sanford and Son pẹ̀lú Redd Foxx ní 1972, méjèèjì sì di gbajúmọ̀. Ní 2003, NBC gbé Coupling jáde, ẹ̀pisóòdù mẹ́rin péré ni wọ́n fi hàn kí wọ́n tó pa á tì. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn, ABC, ti mú Fawlty Towers ní 1983, wọ́n yọ Basil, onílé ìtura náà, kúrò, wọ́n fi Bea Arthur rọ́pò rẹ̀. Ta ló ń wo Fawlty Towers láìsí Basil?

Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ti Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo rẹ̀ kò tó wákàtí mẹ́jọ. Tí ẹ bá dé ti Amẹ́ríkà, ẹ wo Diversity Day, kí ẹ sì fò lọ sí síísìn kejì. Carell fi eré náà sílẹ̀ ní 2011. Òun náà yọ máìkì ní pápákọ̀ òfuurufú, Pam sáré wá dì mọ́ ọn, a kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tó bá ti rí ti Tim á mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Síísìn méjì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀, tèmi ni pé kò pọn dandan.

Ṣé àwọn ọ̀gá méjèèjì pàdé rí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù Kìíní 2011, lẹ́nu ẹ̀rọ agbéniròkè kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, wọ́n sì mọwọ́ ara wọn lójú ẹsẹ̀; wọ́n dápàárá, wọ́n dì mọ́ra. Kí Brent tó lọ, ó béèrè bóyá iṣẹ́ wà níbẹ̀. Michael ní kò sí báyìí. Nígbà tí Michael lọ tán tí wọ́n ń wá ọ̀gá tuntun, Brent wà lára àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Wọn kò gbà á.